Fìlà Mọ́kànlélógójì

"Ẹ má mira, Mama. Ó ń kà yín lọ́wọ́ ni."

Mi ò mira. Mo dúró sójú kan lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, mo gbá báàgì mi mọ́ àyà, mo ń wo nǹkan dúdú roboto tó so rọ̀ lókè orí mi. Irú ẹ̀ wà lórùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgbájọ. Akaorí là ń pè é. Tiwa ò ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, èyí tó àgbọn. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, iná aláwọ̀ ewé tàn lára ẹ̀, ohùn obìnrin kan sì jáde látinú ògiri.

"Ẹgbàajì ó lé mẹ́sàn-án. Ẹ káàbọ̀, Arábìnrin Dúróoríkẹ́ Ajíbóyè, Ìjọ Òkè Ìtura."

"Ta ló sọ orúkọ mi fún un?"

Ọmọbìnrin tó ń mú mi kiri rẹ́rìn-ín. Ìbídùn lorúkọ ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò àpérò náà ni, kò sì dàgbà tó àbígbẹ̀yìn mi. "Mama, ta ni ò mọ orúkọ yín níbí? Ẹ̀yin gan-an la ní kí wọ́n wá gbọ́."

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè wá bá èrò sọ̀rọ̀. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ mi nínú ìjọ ni kí n máa fọ fìlà, Ìyá Fìlà ni wọ́n sì ń pè mí. Bí mo bá dìde láti jẹ́rìí, ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa ń há sí mi lọ́fun, Bàbá Alàgbà ló máa ń bá mi parí ẹ̀.

Lẹ́tà ló dé lóṣù tó kọjá. Àwọn tó ń ṣe Àpérò Ìpolówó Ìjọ àti Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Àtinúdá n'Ìbàdàn ló kọ ọ́. Bàbá Alàgbà Gbémilékè, olùṣọ́ wa, kà á sí wa létí lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní nínú gbogbo ìjọ kéékèèké láti Ìbàdàn títí dé Ìlá, tiwa nìkan ni orí ò dín rí láti ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí ẹnì kan wá sọ bí a ṣe ń ṣe é.

Kò yà wá lẹ́nu. Òfin sọ pé ilé ìsìn tí orí ogójì ò bá pé níbẹ̀, kí ìjọba gbà á fún àwọn tí òkun lé kúrò l'Ékòó. Àwa mẹ́tàlélógún là ń wá. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, bí a bá kọ orin kẹta tán, akaorí á tan iná ewé. Bó bá ti tan ewé, a pé nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, a wo ara wa lójú. A tún ara wa kà. Mẹ́tàlélógún. Bàbá Alàgbà wá gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ ń kà? Ṣé ojú tiwa yìí ló máa ń rí áńgẹ́lì ni?" La bá hó. A jó títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ wa lára. Láti ọjọ́ náà la ti mọ̀ pé áńgẹ́lì ló ń wá jókòó tì wá.

Ohun tí mo gbé wá s'Ìbàdàn nìyẹn. Ẹ̀rí áńgẹ́lì. Èmi ni Bàbá rán, nítorí orúnkún ẹ̀ ò gbé ọ̀nà jíjìn mọ́, ó sì ní ẹni tó ń tọ́jú ilé ló yẹ kó ròyìn àlejò.

Inú gbọ̀ngàn náà, ojú mi ò gbà á tán. Ìsọ̀ lọ́tùn-ún, ìsọ̀ lósì. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣe Àmín. Ọkùnrin tó ń polówó ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọ̀ọ́dúnrún ohùn ké "Àmín!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo fò sẹ́yìn.

"Ti Ìjẹ̀bú wà, Mama, ti Èkìtì náà wà," ó ní. "Èwo ni kí n gbé fún yín?"

Ìwé ìkésíni kan ń fò kiri bí labalábá. Ó bà lé èjìká mi. "Dúróoríkẹ́," ó ní, "ó mà pẹ́ tí a ti rí ẹ."

"Mi ò mọ̀ ẹ́ rí," mo ní.

"A fẹ́ràn ẹ gan-an."

Ìbídùn fọwọ́ gbá a dànù. "Ẹ má dá a lóhùn, Mama. Bí ẹ bá dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta, á bá yín délé."

A rìn títí a fi dé ìsọ̀ ńlá kan láàárín gbọ̀ngàn. Wọ́n kọ ọ́ sókè gàdàgbà: ÀGA ÌDÁKẸ́JẸ́Ẹ́ ÌGBÁJỌ.

Mo dúró. "Ìgbájọ wo? Ìgbájọ tiwa?"

"Tiyín ni!" Ìbídùn pàtẹ́wọ́. "Àwọn ògbógi wa wo àwòrán ìsìn yín láti òkè, Mama, wọ́n sì rí ohun kan. Ìjọ mìíràn, èèyàn á máa yí síbí, á máa họra, á máa yọjú wo ẹnu ọ̀nà. Tiyín, jẹ́ẹ́! Ẹni tó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ ò ní lọ síbì kan. Ohun tí a rí fà yọ nìyẹn. Ìjọ mẹ́rìnlélógójì ló ti ń kọ́ ọ báyìí."

Mo rò ó. Àwa? Àwa tí a máa ń jó títí Ìyá Jẹ́míìsì fi ń jábọ́? Mo sọ lọ́kàn mi pé bóyá àwọn áńgẹ́lì ni kì í mira.

Lórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà, ìyá arúgbó kan jókòó nínú aṣọ funfun, ó di ẹnu pọ̀, omi ń dà lójú ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀mí ló bà lé e. Mo sún mọ́ ọn, mo kí i.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Mama."

"Má pa mí lẹ́rìn-ín," ó fi àárín eyín sọ. "Ikọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá húkọ́, àga yìí á gbọ̀n mí, iná pupa á tàn, gbogbo wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mama Ẹkúndayọ̀ lorúkọ ẹ̀, ará Ẹdẹ. Ó fi ohùn kékeré sọ fún mi pé ìjọ tòun náà jẹ́ ìjọ fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí méjìdínlógójì ni wọ́n.

"Orí méjì péré, ọmọ mi. Orí méjì ló dín. Àwọn ará Èkó ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń yan ẹja níbi tí pẹpẹ wà. Mi ò bínú sí wọn o, ibo ni kí wọ́n gbà? Ìjọ ńlá kan kó wa mọ́ra, àwọn ló ní kí n wá jókòó síbí. Wọ́n ní ìjọ kan wà n'Ìgbájọ tí kò sẹ́ni tó ń húkọ́ níbẹ̀." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Irú ènìyàn wo ni wọ́n?"

Mi ò lè sọ fún un pé èmi ni.

Ìbídùn mú mi lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ìtàgé. Ó fún mi lómi. Ó fi nǹkan wínńíwínní kan há mi lọ́rùn aṣọ, kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ. "Atúnsọ lèyí. Mo rí i pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ń bà yín. Bó bá há sí yín lẹ́nu, òun á parí ẹ̀. Bí kò bá dùn, òun á mú un dùn. Gbogbo àwọn oníwàásù ńlá ló ń lò ó." Ó tún bá mi na kọ́là aṣọ mi, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe fún ìyá ẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀.

"Ẹ̀bùn yín tún ń bọ̀," ó ní. "Ọ̀gá Ládégbùwà láti Àjọ Elétò Ilé Ìsìn wà ní ìlà iwájú. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n máa fún yín níwèé: fún ogún ọdún, wọn ò ní ka ìjọ yín mọ́. Ogún ọdún, Mama! Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ilé yẹn."

Bàbá Alàgbà ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ogún ọdún. Inú ilé tó fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ni wọn ó ti gbé e lọ sin. Omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ wá wo ohun tí a máa gbé sójú ògiri nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. A ó gbé ohùn yín sórí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú."

Ògiri náà tàn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, láti òkè. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ohun tí alángbá ilé wa ń rí láti àjà nìyẹn. Ìlà àga mẹ́jọ, àga mẹ́jọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Orí funfun, orí funfun, wọ́n tò bí ègé àgbọn tí wọ́n sá sóòrùn, nọ́ńbà aláwọ̀ ewé sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Díẹ̀ nínú wọn ń mì, wọ́n ń jó. Ìyókù dúró bí òkúta.

Mo wá Bàbá, mo rí i. Mo wá ara mi, mo rí i. Ojú mi wá lọ sí ìlà kẹta, àga tó wà létí fèrèsé. Nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún.

Lásúnkànmí ló ni àga yẹn. Ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí Lásúnkànmí ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa kẹ́yìn.

Ó yẹ kí ẹ mọ àṣà wa kí ó tó yé yín. Ẹni tí a bá rì bọmi nínú ìjọ wa, fìlà funfun là ń fún un, orúkọ ẹ̀ á wà nínú ẹ̀. Fìlà náà kì í lọ sílé. Ní Sátidé, èmi á kó gbogbo wọn, mà á fọ̀ wọ́n, mà á fi búlúù sí i, mà á rẹ wọ́n sínú sítáàṣì, mà á lọ̀ wọ́n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó mọ́ tán, mà á fi wọ́n kọ́ sórí àga wọn. Lásúnkànmí yìí gan-an, káfíńtà ni, òun ló kan àwọn àga náà, ó sì gbẹ́ igi roboto kan sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ga tó orí ẹni tó jókòó. Ẹni tó bá wá, á mú fìlà ẹ̀ dé. Ẹni tí kò bá wá, fìlà ẹ̀ á wà níbẹ̀, kí ẹlòmíì má bàa gba ipò ẹ̀. Lẹ́yìn ìwàásù, a máa ń gbé ọwọ́ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa ń pe orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá kú, tòun ti fìlà ẹ̀ là ń sin. Nítorí náà, alààyè ló ni gbogbo fìlà tó wà níbẹ̀.

Mo ka àwọn tí kò mira. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kànlélógójì.

Kò sí áńgẹ́lì kankan. Fìlà ni. Èmi ni mo gbé wọn síbẹ̀. Sítáàṣì mi ló jẹ́ kí wọ́n dúró bí orí.

"Mama? Ṣé kò sí o? Ojú yín ti yí."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá ilé sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó jáde. Mo pe Bàbá Alàgbà. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Mo ń gbọ́ tó ń wá ibi tí yóò tẹ̀.

"Ìwọ ni, Dúróoríkẹ́? Ṣé o ti sọ̀rọ̀ ni? A pé síbí, à ń gbàdúrà sí i."

"Bàbá, mi ò tíì sọ ọ́." Mo tún wo ògiri náà. "Bàbá, kì í ṣe áńgẹ́lì. Fìlà ló ń kà."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan bi í lẹ́yìn pé kí ni mo wí.

"Gbogbo wọn?" Bàbá béèrè.

"Gbogbo wọn, Bàbá."

"Èmi tí mo ti wàásù lórí ẹ̀ fún ọdún márùn-ún." Ó wá bú sẹ́rìn-ín lójijì, ẹ̀rín arúgbó, èyí tó máa ń di ikọ́. "Yéè! Ọlọ́run mi, dárí jì mí o. Fìlà!"

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n máa gba ilé. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á fún wa ní ogún ọdún. Ẹ sọ fún mi. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni mà á ṣe."

"Èmi kọ́ ló wà níbẹ̀, ọmọ mi," ó ní. "Ohun tí o bá sọ, ohun tí gbogbo wa sọ nìyẹn. Bó o bá ti ẹ̀ sọ̀kò ọ̀rọ̀, a ó gbé e pẹ̀lú ẹ."

Inú bí mi. Láti ọdún gbọọrọ yìí ló ti ń bá mi parí ọ̀rọ̀, òní ló wá fi í sílẹ̀ fún mi.

Ìbídùn padà dé, ó di ọwọ́ mi mú, a gòkè.

Mi ò rí èrò tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́. Nítorí tiwa ni. Ọwọ́ lórí itan, ẹnu pípadé, wọn ò mira. Mama Ẹkúndayọ̀ wà ní iwájú lórí àga ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀, wọ́n ti gbé e wá síbẹ̀ bí àpẹẹrẹ, ọrùn ẹ̀ sì ti wú nítorí ikọ́ tó há sí i. Ọkùnrin kan tó wọ dàǹṣíkí eléérú jókòó tì í, ìwé pẹlẹbẹ kan wà lórí itan ẹ̀. Mo mọ̀ pé Ládégbùwà nìyẹn.

Mo wo ìyá náà. Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá gba ìwé yẹn, ìyá yìí ò ní húkọ́ mọ́ títí tó fi máa kú. Nítorí fìlà mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," mo ní. "Kò sí ènìyàn kankan lábẹ́ àwọn fìlà yẹn."

Ohùn tó jáde nínú ògiri kì í ṣe tèmi. Ó dùn, ó ń yọ̀: "Ẹ bá mi yọ̀! Ìyanu ńlá wà lábẹ́ àwọn fìlà yẹn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́rọ́wọ́rọ́, kí ara wọn má bàa mì.

"Rárá. Rárá o. Mẹ́tàlélógún la jẹ́."

"Àní, àní! A ju mẹ́tàlélógún lọ!"

Atúnsọ ni. Mo fọwọ́ wá a lọ́rùn, mi ò rí i já. Mo fi eyín fà á. Bọ́tìnnì aṣọ mi bá a lọ. Mo jù ú sílẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ lórí ìtàgé, mo lọ dúró síwájú ìlà àkọ́kọ́, mo sì fi ohùn tí mo fi ń pe adìyẹ sọ̀rọ̀.

"Mẹ́tàlélógún la jẹ́! Fìlà ni ìyókù! Ẹ̀rọ yín, fìlà ló ń kà! Èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n!"

Kò sẹ́ni tó mira. Mo rò pé wọn ò gbọ́. Mama Ẹkúndayọ̀ ló yí orí padà. Àga ẹ̀ gbọ̀n ọ́n, iná pupa tàn, kò kà á sí.

"Kí ló wí?" ẹnì kan béèrè lẹ́yìn.

"Ó ní fìlà ni!" Mama Ẹkúndayọ̀ ké sí wọn. "Ó ní kò sí ènìyàn níbẹ̀! Ó ní fìlà ni kò mira, ẹ̀yin aláìmọ̀kan!" Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ni ará Ìgbájọ náà?"

"Èmi ni, Mama. Ẹ dárí jì mí."

Ló bá húkọ́. Ikọ́ tó ti inú ẹ̀ lọ́hùn-ún wá, ikọ́ tó gùn bí ọ̀nà Ìlá. Ẹnì kan lẹ́yìn ẹ̀ náà húkọ́. Àwọn tó wà lápá òsì gbà á. Láìpẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ń húkọ́, wọ́n ń sín, wọ́n ń họra, wọ́n ń na ẹsẹ̀, ẹlòmíì ń rẹ́rìn-ín, iná pupa ń tàn káàkiri. Ìbídùn dúró lórí ìtàgé, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Ọ̀gá Ládégbùwà ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wá bá mi.

"Mama, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Mẹ́tàlélógún."

"Mẹ́tàlélógún, sà. Àwọn mọ́kànlélógójì yòókù ò kú o. Wọ́n wà. Mo mọ ibi tí gbogbo wọn wà. Òmíì ń ṣàìsàn. Òmíì wà ní ìlú òyìnbó. Ọmọ Ìyá Jẹ́míìsì sọ pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́. A ṣì ń pe orúkọ ẹ̀."

Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ká a, ó fi í sápò. Kò fi ìkanra ṣe é. "Òfin ò mọ èyí tí ẹ ń pè lórúkọ, Mama. Èyí tó jókòó ló mọ̀. Mo ní ìdílé mẹ́sàn-án tí wọ́n ń sùn lábẹ́ afárá ní Ìkìrun báyìí." Ó mí kanlẹ̀. "Àádọ́rùn-ún ọjọ́. Èmi fúnra mi ni mà á wá, mi ò ní lo ẹ̀rọ. Bí ẹ bá pé ogójì, ẹ pé. Bí ẹ ò bá pé, ẹ bá wa palẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣeun, sà," mo ní. Mi ò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.

Ìbídùn sìn mí dé ibùdó rélùwéè. Mo rò pé yóò bínú, nítorí iṣẹ́ ẹ̀ lè bọ́. A dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó wá ní, "Mama, bí mo bá wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ṣé ẹ máa fún mi ní fìlà?"

"O ní láti kọ́kọ́ ṣèrìbọmi."

"Omi tútù?"

"Omi odò ni. Ó tutù gan-an."

Ó ní òun á rò ó. Ó dì mọ́ mi.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Ìwé ìrìnnà mi, Ìkìrun ló parí sí. Láti Ìkìrun, mà á gbọ́kọ̀ Ìgbájọ. Mo jókòó, mo ń ṣírò. Mẹ́tàlélógún, kó tó pé ogójì, ó ku mẹ́tàdínlógún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ẹni tó lè padà, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èyí ò lè wá. Èyí lè wá bí a bá bẹ̀ ẹ́. Èyí, àfi bí ọmọ ẹ̀ bá bá a sọ ọ́.

Ẹ̀rọ inú àga sọ pé, "Ìwó ló kàn."

Ìwó ni Lásúnkànmí wà.

Kí n sọ ìdí tó fi lọ. Fèyíṣayọ̀ ọmọ ẹ̀ fẹ́ ọmọkùnrin Mùsùlùmí kan, ará Ìwó. Lásúnkànmí gbà, ó sì ṣe ìgbéyàwó fún wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Alàgbà ní kí ó dìde níwájú gbogbo wa. Bàbá Alàgbà wa yìí, ènìyàn rere ni, mo fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹni tó bí mi. Lọ́jọ́ yẹn, kò ṣe é dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ sí ọkùnrin náà bí ọmọdé, ó sì sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà tó jókòó tì í. Ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo jókòó sí. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo ń wo ọrùn Fèyíṣayọ̀ bó ṣe ń pọ́n. Mo di ẹnu mi. Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n fi kọ́ sórí àga, wọ́n lọ. Èmi ni mo fọ̀ wọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ dúró. Mo dìde.

"Ìrìnnà yín ò tíì parí," ilẹ̀kùn sọ. "Ẹ padà jókòó."

"Mo mọ̀," mo ní. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Mi ò fẹ́ràn kí n máa bi àjèjì léèrè. Ìgbà tí mo dé ìdí igi àgbálùmọ̀ kan, mo gbọ́ ohùn ayùn. Òun ni, ó ti hewú, ó ń rẹ́ pákó níwájú ilé. Ó gbójú sókè, ayùn dúró lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìyá Fìlà? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá Fèyí. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó gbọn èérún pákó kúrò lára. "Mo gbọ́ ohùn ẹ lórí afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án yìí. Gbogbo Ìwó ló gbọ́ ọ. Wọ́n ní ó ku orí mẹ́tàdínlógún kí ẹ tó pé." Ó wò mí dáadáa. "Orí mi lo wá mú."

Mi ò lè parọ́ fún un. Ó ti rẹ̀ mí púpọ̀. "Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn," mo ní. "Láti ibẹ̀ dé ibí, ó ti yí padà."

"Ó ti yí sí kí ni?"

"Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn yín ni mo jókòó sí. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe fún yín ò dáa. Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí." Ọ̀rọ̀ fẹ́ há sí mi lọ́fun, mo dúró, mo tún mú un. "Mo ti ń fọ fìlà yín fún ọdún mẹ́fà, mi ò sì wá kí yín lẹ́ẹ̀kan."

Ó gbé ayùn sílẹ̀. Adìyẹ kan kọjá láàárín wa.

"Mi ò ní wá o," ó ní. "Mo sọ fún ẹ kí o má bàa dúró dè mí. Wọn ì báà gba ilé náà lọ́la, mi ò ní wá."

"Mo gbọ́, sà."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mo fẹ́ yí padà. Ó wá kọjú sínú ilé, ó gbóhùn sókè: "Fèyíṣayọ̀! Jáde wá. Ẹnì kan wá láti ilé."

Ó jáde, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, ìbòrí aláwọ̀ aró wà lórí ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. Ó dá mi mọ̀. Kò sá padà sínú ilé. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó kúnlẹ̀ níwájú mi nínú èérún pákó, bí ọmọ gidi.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí lójú ẹ̀. Mo wo bàbá ẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Mama, rárá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ó ń wí, ó di èjìká mi mú kó gbé mi sókè. Mo di èjìká tirẹ̀ mú. A wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú oòrùn, àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbà láti kọ́kọ́ dìde.